Ọjọ́ Tí Màmá Wọ Bàálù Ọmọ Rẹ̀

Ọkọ mi ta ẹja rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, nítorí ẹni tó bá rí i lónìí pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti fìlà tó ń dán, tó ń fa báàgì onítáyà kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, kò ní gbà mí gbọ́. Awakọ̀ bàálù ni. Ṣùgbọ́n ó ní àsìkò kan tó jẹ́ pé ọjà ẹja Kado ló ń jí lọ, tó ń wọ bàtà rọ́bà, táwọn Hausa tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pè é ní Kyaftin. "Sànnu, Kyaftin!" Òun náà á ní, "Yauwa, sànnu," á gbé ẹja sókè, á máa yí i síbí sọ́hùn-ún kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ọkọ mi ò mọ ọjà ná rárá. Bí oníbàárà bá ti ráhùn díẹ̀, ó ti gbà. Èmi ni mo máa ń lọ dúró tì í lọ́jọ́ Sátidé, tí mo máa ń fajú ro fún àwọn tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Bó ṣe dé ìdí ẹja kò ṣòroó sọ. Méjì nínú irú bàálù tó ń wà ló já nílẹ̀ òkèèrè, táwọn èèyàn kú. Làwọn ìjọba káàkiri ayé bá ní kí gbogbo irú bàálù náà dúró sílẹ̀ títí wọn ó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ kò ní òmíràn. Wọ́n to àwọn bàálù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi nǹkan dí ẹnu ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n ní káwọn awakọ̀ lọ máa sinmi nílé. Ọkọ mi sinmi, ó sinmi, ó sú u. Ó kun ilé. Ó tún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ṣe, títí kan èyí tí kò bàjẹ́. Ọjọ́ tó tú ẹ̀rọ ìlọta mi palẹ̀, tí kò wá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà mọ́, ni mo sọ fún un pé kó tètè wá nǹkan ṣe níta kí n tó ṣe é léṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ìsọ̀ ní Kado ló bá mú un mọ́ra.

Kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn ní gbogbo àsìkò yẹn. Ilé ń rùn, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń sùn sílé lójoojúmọ́, kò sídìí tí mo fi máa gbọ́ ìròyìn pẹ̀lú àyà jíjá. Òun gan-an ni inú rẹ̀ ò dùn. Bí bàálù kan bá ń kọjá lókè ọjà, á gbójú sókè tòun ti ẹja lọ́wọ́, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìró rẹ̀ á fi lọ tán. Oníbàárà á máa pè é, kò ní gbọ́.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Jabi. Ọmọ Òkun ni wọ́n, àwọn tó ń kí ara wọn ní "Òkun o," láti apá Kogi, èmi sì jẹ́ ọmọ Èkìtì. Bí Màmá bá ń fi èdè ilé wọn bá àwọn ọmọ mi wí, gbogbo rẹ̀ ló ń yé wọn, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi máa ń dáhùn, Màmá á ní, "Ó dáa, ẹ ṣáà ti gbọ́." Màmá ló wẹ gbogbo wọn nígbà tí mo bí wọn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ, ó mọ ohun tí ojú mi rí. Wọ́n á fi kànrìnkàn fọ ọmọ, wọ́n á fa apá, wọ́n á fa ẹsẹ̀, bó bá wá parí, wọ́n á ju ọmọ sókè, wọ́n á tún fọwọ́ gbà á. Wọ́n ní kí ọmọ má baà máa ṣojo ni. Èmi ni mo ń ṣojo. Bó bá ti kan jíjù sókè yẹn, mo ti bọ́ síta, mo ti di etí.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe bàálù náà, wọ́n sì ti tún un ṣe. Orí tábìlì ìdáná ni ọkọ mi ti fi ẹja obòkún kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní imú bàálù nìyí, ìrù rẹ̀ nìyí, pé kọ̀ǹpútà kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ti imú yẹn sísàlẹ̀ nígbà tí kò yẹ, tí kì í sì í gbọ́ ti awakọ̀. Ó ní wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà náà kọ́, pé ní báyìí bí awakọ̀ bá ti fà á sókè, ó parí. Ojú rẹ̀ ń tàn bó ṣe ń wí. Ó gbé ẹja náà fò yí orí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rán an lọ sókè òkun láti lọ kọ́ ọ lákọ̀tun, ó ṣe ìdánwò, ó yege, ó padà dé, ó fọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó gbé e sókè àjà. Mo gún iyán tí a ó jẹ lọ́jọ́ yẹn, mo sì lọ sunkún díẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mà tíì bẹ̀rẹ̀! Bàálù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn èèyàn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n á gbé fóònù sójú, wọ́n á wo irú bàálù tó fẹ́ gbé wọn, wọ́n á ní háà, ṣé kì í ṣe èyí tó já nìyẹn? Wọ́n á lọ ra ti ẹlòmíràn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, níléeṣẹ́ ìjọba níbí, pè mí wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, ó tilẹ̀kùn. Ó ní, "Madam, ọjọ́ wo gan-an ni ọkọ yín máa ń lọ sí Èkó?" Inú mi dùn. Mo ka gbogbo ọjọ́ náà sílẹ̀ fún un, mo tún fi àkókò kún un. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ jáde ni mo wá gbọ́ tó ń sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé kó rí i dájú pé wọn ò ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òun láwọn àkókò náà. Ẹ wò ó, bí kì í bá ṣe pé mo ní ọmọ nílé ìwé ni, ǹ bá ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín lọ́jọ́ tí ọkọ mi wọlé tí kò lè jẹun. Ó ní àwọn ọ̀gá àwọn ti pe gbogbo awakọ̀ jọ. Wọ́n ní bí èrò ò bá pọ̀ sí i kí oṣù tó parí, àwọn á dá bàálù náà padà fún àwọn tó yá àwọn, kí awakọ̀ kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Ó wá sọ pé òun ti rò ó, pé bí wọ́n bá tún dá òun padà sídìí ẹja lẹ́ẹ̀kejì yìí, òun ò ní lè dìde mọ́. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ọkùnrin tí kì í ráhùn. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, mo lọ gbé e kaná.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, ní agboolé alága ní Nyanya. Gbogbo wọn dúpẹ́ fún ọkọ mi pé ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọrin, wọ́n mú un jó. Alága wá ní ó ku bí a ó ṣe lọ sí ìpàdé àpapọ̀ l'Ékòó, pé òun ti bá àwọn onímọ́tò ní páàkì Jabi sọ̀rọ̀. Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mọ́tò kẹ̀? Bàálù ọmọ yín ń lọ lójoojúmọ́." Àgbàlagbà kan wú ikọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, a mọ̀ pé ọmọ wa mọ iṣẹ́. Bàálù yẹn gan-an ni ò dá wa lójú." Òmíràn ní, "Ẹ jẹ́ káwọn ẹlòmíràn ṣì wọ̀ ọ́ ná, ká máa wò ó."

Mo dìde. Mo ní, "Àwọn ẹlòmíràn wo? Àwọn tí kò léèyàn ni? Ẹja tí ọmọ yín tà, gbogbo yín lẹ jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ jẹ ẹ́ wò nínú yín o! Ẹ̀ ń mú un jó, ẹ̀ ń kọrin fún un, ẹ ò lè wọ ọkọ̀ rẹ̀. Irú ìfẹ́ wo nìyẹn?" Ọkọ mi ń fà mí láṣọ, mo já aṣọ mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Ìyá Aládùúrà, nítorí olórí àwọn obìnrin ni ní ìjọ aláṣọ funfun wọn. Ó rọra bi mí pé, "Ìyàwó, ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti wọ̀ ọ́?" Mo ní, "Mi ò níbi tí mò ń lọ ni." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, mo sì jókòó.

Nígbà tí a ń darí bọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Keffi, Màmá yíjú sí mi. Ó wá ní, "Ìyàwó mi, ẹnu rẹ mú o." Mi ò mọ̀ bóyá ó yìn mí ni àbí ó bú mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ l'Ékòó. Ọmọkùnrin ni. Fóònù ń dún, a ń pariwo, àwọn ọmọ mi ń fò. Màmá ti ń di ẹrù rẹ̀ kí a tó gbé fóònù sílẹ̀: ọṣẹ dúdú, àdí, kànrìnkàn. Ó ní òun ló máa wẹ ọmọ òun. Ọkọ mi ní, "Màámi, n ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún yín." Ó wá dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan, kì í ṣe tiwọn.

Màmá dúró. "Bàálù tìrẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Màámi."

"Ṣé ó ti dáa àbí kò tíì dáa?"

"Ó ti dáa. Èmi fúnra mi ń wà á lójoojúmọ́."

"Kí ló wá dé?"

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Màámi, bí mo bá mọ̀ pé ẹ jókòó sẹ́yìn mi níbẹ̀, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n ni."

Màmá gbé kànrìnkàn sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn tí ò ń gbé lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó bí wọn? Ṣé orí igi ni wọ́n ti ká wọn ni? Ìyá ẹlòmíràn ò mú ọwọ́ rẹ gbọ̀n, ìyá tìrẹ nìkan ló ń mú un gbọ̀n. O wá ń bínú pé àwọn èèyàn ò wọ ọkọ̀ rẹ!" Ó mú kànrìnkàn rẹ̀, ó kì í bọ inú báàgì. "Ra tíkẹ́ẹ̀tì mi. Tìẹ ni mo fẹ́."

Ìdí ìkòkò ni mo wà. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi mú fóònù rẹ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Màmá lọ sí pápákọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ọkọ mi ti ṣíwájú wa lọ. Mo rò pé àwa méjì péré la ó jọ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Nyanya ti dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Màmá fẹ́ wọ bàálù náà, wọ́n ní kò sóhun tó máa mú kí àwọn má sin ín. Ẹ mọ̀ wá. Ẹnì kan ló ń rìnrìn àjò, gbogbo ilé ló ń sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kó bọ́ọ̀sì kan wá láti Nyanya. Alága wà níbẹ̀. Alfa tó ń gbàdúrà fún ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀. Ìyá Aládùúrà àti àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ tààrà láti ibi ìsìn òwúrọ̀ wọn ni wọ́n ti wá, nínú aṣọ funfun tó wọ́lẹ̀, láìwọ bàtà. "Òkun o, Màmá!" "Òkun o!" Ibi tí èrò ti ń tò láti gba káàdì ìjókòó ni wọ́n ti yí Màmá po.

Èrò ò pọ̀ lórí ìlà, ṣùgbọ́n ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà ní kááńtà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Aládùúrà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo ilé náà.

"Bàálù yìí ò ní já!"

"Àmín!"

"Ẹ́ńjìnnì ò ní kú sójú ọ̀run!"

"Àmín!"

"Apá rẹ̀ ò ní yọ! Imú rẹ̀ ò ní kọ ilẹ̀!"

"Àmín o!"

"A ò ní gbúròó wọn ní rédíò!"

Alfa náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní iná ò ní jó wọn, omi ò ní gbé wọn, a ò ní wá egungun wọn nínú igbó. Àwọn obìnrin náà ń mi orí, wọ́n ń yí ọwọ́ yí orí, wọ́n ń ṣe àmín. Lọ́dọ̀ tiwa, ìfẹ́ nìyẹn. Gbogbo ibi pátá la máa ń pè jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ká tó lé e lọ. Mo ti ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn kí n tó bojú wẹ̀yìn.

Yéè! Orí ìlà ti dàrú. Obìnrin kan ń fa ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ti fi agbọ́rọ̀sétí dí etí yọ ọ́, ó ń bi ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí ló já. Alhaji kan tó wọ bàbáńríga, ará Ìlọrin ni, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ní, "Kai! Ṣé bàálù ọjọ́sí yẹn nìyí? Ẹ dá owó mi padà fún mi." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó wọn. Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọbìnrin kááńtà. Mo sáré bá Ìyá Aládùúrà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó tó, ó ti tó!" Ó rò pé mo ní kó gbóhùn sókè. Ó gbóhùn sókè.

Mo mọ ohun tí mò ń wò. Oṣù ti ń parí lọ. Iṣẹ́ ọkọ mi ló ń tú ká lójú mi yẹn, àwa tá a fẹ́ràn rẹ̀ jù la sì ń tú u ká.

Ibẹ̀ ni a wà tí ọkọ mi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi wọlé, tí wọ́n ń fa báàgì wọn lọ. Ó rí èrò, ó rí aṣọ funfun, ó dúró sójú kan. Màmá rí i. Ó ya àwọn obìnrin náà sọ́tọ̀, ó jáde síwájú, ó ní, "Ọkọ mi! Ògì tí mo gbé sílẹ̀ fún ọ láàárọ̀, kí ló dé tí o ò mu ún?"

Gbogbo ilé yíjú sí awakọ̀. Ọkọ mi ní, "Mo ti pẹ́ ni, Màámi." Ó fi báàgì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó ń dán náà, tòun ti yunifọ́ọ̀mù. Fìlà rẹ̀ ṣí, ó yí lọ sídìí ẹsẹ̀ Alhaji. Màmá fọwọ́ lé e lórí. Àdúrà tirẹ̀ ò gùn. Ó ní, "Bí o ṣe ń gbé mi lọ, ni kí o máa gbé wọn lọ. Dìde, gbọn aṣọ rẹ." Ó yọ fùláàsì ògì nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e fún un.

Alhaji mú fìlà náà nílẹ̀. Ó wo Màmá, ó wo ọkọ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí awakọ̀ yìí?"

"Èmi ni. Mò ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ mi l'Ékòó. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn."

Gbogbo ojú bá kọjú sí mi. Alhaji gbọn fìlà náà, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà, pé, "Ìyàwó náà ń lọ bí?"

Ẹ gbà mí. Mo kàn wá sin Màmá ni. Mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò gba ààyè níbi iṣẹ́, sálúbàtà ilé ni mo wọ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù yẹn wọ inú egungun mi. Ọkọ mi ń wò mí. Kò ṣẹ́jú, kò sì bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní n kò lọ, kò ní bínú sí mi láé, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Mò ń lọ." Mo rìn lọ sí kááńtà, mo fún ọmọbìnrin náà ní káàdì báńkì mi kó fi ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ọwọ́ mi ló wá ń gbọ̀n.

Alhaji gbé fìlà fún ọkọ mi. Ó ní, "Kyaftin, bí ìyá àti ìyàwó rẹ bá wà níbẹ̀, kí ni mo wá ń sá fún?" Ó padà sórí ìlà. Obìnrin ọlọ́mọ náà padà. Ọmọkùnrin náà fi agbọ́rọ̀sétí rẹ̀ sétí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun pé òun padà. Ìyá Aládùúrà ti dákẹ́ látìgbà tí ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi ní kááńtà, ó ní, "Ìyàwó, èmi náà ń lọ. Mo mọ ohun tí àdúrà mi ṣe." Mo ní, "Mà, ẹ ò wọ bàtà." Ó ní ṣé ilẹ̀ wà lókè ni?

Àárín àwọn méjèèjì ni mo jókòó sí. Màmá wà lójú fèrèsé, ó ń bi mí bóyá ọ̀nà Kubwa nìyẹn. Ìyá Aládùúrà ti fi aṣọ ìbora tí wọ́n fún un wé ẹsẹ̀. Ohùn ọkọ mi jáde lókè orí wa, ó sọ gbogbo èyí tí wọ́n máa ń sọ ní gẹ̀ẹ́sì, ojú ọjọ́ dáa, ẹ de bẹ́líìtì. Ó wá fi Yorùbá sọ pé, "Ìyá tó bí mi àti ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀ yìí. N ó rọra gbé gbogbo yín." Àwọn tó gbọ́ ọ pàtẹ́wọ́, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́, àwọn yẹn náà pàtẹ́wọ́. Màmá dáhùn láti ibi tó jókòó sí, "O ṣeun, ọmọ mi! Ó tó, gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ!" Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ nígbà tí bàálù náà gbéra. Èmi nìkan ni mo di ojú mi, tí mo di ọwọ́ Màmá mú títí ó fi ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn.

A gúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Alhaji ti sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó mọ̀ kó tó jáde nínú ọkọ̀, mo ń gbọ́ ọ lórí fóònù: ìyá rẹ̀ gan-an, mo ní ìyá rẹ̀ gan-an! Ó sì jọ pé àwọn mìíràn náà sọ ọ́. Èrò pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n tún pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, bàálù náà ò sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni í. Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, ọ̀gá mi tún pè mí wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọkọ mi máa ń lọ, pé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀tọ̀ lohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Bàtà rọ́bà yẹn ṣì wà lókè àjà. Ẹja Kado, rírà la ń rà á báyìí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rántí jù ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èkó ni ọkọ mi sùn, ó sì wá bá wa nílé àbúrò rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Aládùúrà ń wá sálúbàtà tí yóò bá a lẹ́sẹ̀ mu kiri ilé. Màmá ti jókòó sórí àpótí pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ tuntun wà lórí itan rẹ̀. Ó fi kànrìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó fa apá, ó fa ẹsẹ̀. Mo mọ èyí tó kàn. Mo ti dìde kí n lọ síta bí ìṣe mi, mo wá rántí ibi tí mo ti ń bọ̀ láàárọ̀, mo padà jókòó.

Màmá ju ọmọ sókè.

Ọkọ mi pariwo, "Màámi! Ẹ rọra o, ẹ má jù ú!" Ó ti na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Màmá ti gbà á tipẹ́. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀ yìí, ọkùnrin tó kó odidi ọkọ̀ èèyàn kọjá lójú ọ̀run lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "Ìwọ gbé mi sókè láàárọ̀. Ṣé mo pariwo?"

Ọkọ mi sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Màmá sì tún ju ọmọ náà sókè.